Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Awò VR àti iṣẹ́ àwọn adóòlà ẹ̀mí inú hẹlikópítà

Nínú àtẹ̀jáde wa tó kọjá, a sọ̀rọ̀ nípa bí àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi hẹlikópítà dóòlà ẹ̀mí ṣe ń lo awò VR láti fi kọ́ òṣìṣẹ́ wọn. Awò náà máa ń bo ojú méjèèjì pátápátá. Ẹni tó bá dé e yóò máa rí òkun, òkè tàbí òrùlé ilé níwájú rẹ̀, bó bá sì ṣe ń yí orí ni ohun tó ń rí yóò máa yí, bẹ́ẹ̀ inú yàrá ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Ìkẹjà pọ̀. A mú márùn-ún jáde nínú wọn, nítorí pé ohun tí àwọn márùn-ún yìí béèrè ni ọ̀pọ̀ àwọn yòókù náà ń béèrè.

*Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní iléeṣẹ́ hẹlikópítà kan ní Ìkẹjà. Òun ni yóò máa dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù, tí yóò máa fi wínṣì, ẹ̀rọ tó ń ká okùn, fa èèyàn sókè láti inú omi. Ẹ̀rù iṣẹ́ náà ti ń bà mí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tún wá kó mi lọ́kàn sókè ni pé ó ní inú yàrá ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn, pẹ̀lú awò lójú, bí àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù. Ṣé ẹ̀kọ́ nìyẹn? Ṣé ẹni tó fi géèmù kọ́ṣẹ́ lè di ẹ̀mí ọmọlọ́mọ mú lórí okùn?*
— Ìyá kan, Èbúté-Mẹ́ta

Ìyá wa, ẹ kú ọmọ o. Ìbéèrè yín ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n dáhùn rẹ̀ kúnná.

Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tí ọmọ yín fẹ́ ṣe. Nígbà tí hẹlikópítà bá dúró lójú kan lókè ọkọ̀ ojú omi, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé wà ní abẹ́ bàálù gan-an, níbi tí ojú awakọ̀ kò lè dé. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ni awakọ̀ ń rí. Kò rí okùn, kò rí ìwọ̀ tó wà lẹ́nu okùn, kò sì rí ẹni tó ń dúró dè é nísàlẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ló ń fi ẹnu darí bàálù fún un. Yóò yọ orí síta, yóò sì máa sọ ọ́ láìdákẹ́ pé: "Síwájú, mítà mẹ́wàá. Mẹ́jọ. Márùn-ún. Mẹ́ta. Méjì. Ọ̀kan. Dúró níbẹ̀. A ti ń sún sọ́tùn-ún, padà sósì díẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ohun tí wọ́n fi ń darí wínṣì; èkejì, tó wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ń tọ́ okùn sọ́nà kí ó má baà há, kí ó má sì máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni okùn náà, kì í sábà nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 5 lọ, síbẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ hẹlikópítà adóòlà, nǹkan bíi kílò 270 ni wínṣì lè gbé. Láti ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1945, tí hẹlikópítà Sikorsky kan ti fi wínṣì gbé ọkùnrin méjì kúrò lórí ọkọ̀ ojú omi tí ìjì gbá lọ sórí àpáta ní etíkun Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, bàálù ti yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò yí padà: okùn kan, ìwọ̀ kan, àti ẹni kan tó ń sọ ohun tó ń rí. Bí ọmọ yín bá pẹ́ kí ó tó sọ "dúró," bàálù ti kọjá. Bí ohùn rẹ̀ bá gbọ̀n, ọwọ́ awakọ̀ náà yóò gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yìí gan-an ni awò VR ń kọ́ni dáadáa, ó sì ń kọ́ ọ ju bí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe lè kọ́ ọ lọ. Nínú ẹ̀rọ simulator ńlá tí awakọ̀ fi ń kọ́ṣẹ́, èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́fà tó ń gbé e sókè sódò, iwájú àti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ ni wọ́n tẹ́ àwòrán sí. Bí ẹni ẹnu ilẹ̀kùn bá bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ yàrá ni yóò rí. Nínú awò VR, ibi tí orí bá kọjú sí ni àwòrán wà. Ọmọ yín lè yọ orí síta, kí ó wo táyà bàálù, kí ó wo abẹ́ rẹ̀, kí ó sì fi ojú tẹ̀ lé okùn náà títí dé orí ìgbì. Ojú ọ̀tún ní àwòrán tirẹ̀, ojú òsì ní tirẹ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí ó mọ bí nǹkan ṣe jìnnà sí i tó. Láìsí ìyẹn, kíka mítà lẹ́nu kò wúlò. Níbi tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ bó ṣe yẹ, awakọ̀ náà yóò dé awò tirẹ̀, àwọn méjèèjì yóò jọ wà nínú bàálù kan náà, ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu ọmọ yín jáde nìkan ni awakọ̀ yóò sì fi ṣiṣẹ́. Olùkọ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ yín á sì fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ibi tó ti pẹ́ àti ibi tó ti sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ẹyọ kan ti tó.

Ẹ tún wo ti ewu. Àwọn nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi hẹlikópítà gidi dán wò. Okùn lè há mọ́ òpó ọkọ̀ ojú omi, kí ọkọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa bàálù sílẹ̀. Nígbà náà, ohun kan wà lára wínṣì, tí èròjà ìbúgbàù kékeré ń mú ṣiṣẹ́, tó máa gé okùn náà lójú ẹsẹ̀. Ta ni yóò gé okùn gidi nítorí ẹ̀kọ́, pàápàá nígbà tí èèyàn bá wà lórí rẹ̀? Nínú awò, ọmọ yín lè dojú kọ ìpinnu yẹn lórí ìgbì òkun, lóru, nínú òjò, títí yóò fi mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gé e àti ìgbà tí kò yẹ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ní ìlú Phoenix lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi hẹlikópítà gbé ìyá ẹni ọdún 74 kan tó fara pa lórí òkè. Okùn kejì, tí àwọn tó wà nílẹ̀ ń fà mú kí ibùsùn ìgbáláìsàn má baà yí, já. Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ orí bàálù gba ibùsùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí bírí pẹ̀lú ìyá náà lórí rẹ̀, fídíò rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú ohun tó máa ń dá irú yíyí bẹ́ẹ̀ dúró ni pé kí bàálù rọra tẹ̀ síwájú, kí atẹ́gùn iwájú lè borí èyí tó ń tòkè bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí i rí, àyà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ já, ìṣẹ́jú àáyá tí àyà fi já yẹn sì ni ibùsùn fi ń yí. Ó sàn kí àyà já nínú yàrá.

Nípa pé inú yàrá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Láti ọdún 1929 ni Edwin Link, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe àpótí kan tí awakọ̀ lè jókòó sí lórí ilẹ̀ láti kọ́ bàálù wíwà, inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ Ogun Àgbáyé Kejì ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 2021, àjọ EASA, tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ òfurufú nílẹ̀ Yúróòpù, fọwọ́ sí ẹ̀rọ VR àkọ́kọ́ fún ẹ̀kọ́ awakọ̀. Ti hẹlikópítà kékeré Robinson R22 ni, iléeṣẹ́ kan ní Switzerland ló sì ṣe é. Irú àjọ bẹ́ẹ̀ kì í fọwọ́ sí géèmù.

Àmọ́ ibì kan wà tí èmi àti ẹ̀yin ti jọ ń bẹ̀rù. Awò kò lè jẹ́ kí ọwọ́ mọ ìwúwo. Ọwọ́ inú ìbọ̀wọ́ yẹn gbọ́dọ̀ mọ bí okùn ṣe máa ń le lójijì nígbà tí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá yọ kúrò nínú omi, tí aṣọ rẹ̀ sì ti mu omi yó. Ara gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí ó sì gbé ara lé bẹ́líìtì ààbò. Àwọn adóòlà orí òkè ní Bavaria, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ní gbọ̀ngàn kan ní Bad Tölz tí wọ́n gbé ara hẹlikópítà kọ́ sókè sí, pẹ̀lú wínṣì, ariwo àti atẹ́gùn líle, kí òṣìṣẹ́ lè fi ara kọ́ ohun tí ojú nìkan kò lè kọ́. Nítorí náà, ẹ bi ọmọ yín pé lẹ́yìn awò, ṣé okùn gidi ń bọ̀, ṣé wọ́n á sì gbé wọn lọ sórí omi pẹ̀lú bàálù gidi kí wọ́n tó fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni lé wọn lọ́wọ́. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá ní awò ni ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀, ẹ ní kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Kí ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kí ó béèrè.

*Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì wà lára àwọn tó ń tẹ̀ lé aláìsàn nínú bàálù. Nígbà tí wọ́n ní kí a dé awò VR, òòyì kọ́ mi, mo sì bì. Ojú ń tì mí láti padà síbẹ̀. Ṣé ara mi ni kò dára ni?*
— Nọ́ọ̀sì kan, Sùúrùlérè

Kò sí ohun tó ṣe ara yín. Ojú yín ń sọ fún ọpọlọ pé ẹ ń fò, omi inú etí tó ń jẹ́ kí èèyàn mọ̀ bóyá òun ń lọ tàbí òun dúró sì ń sọ pé ẹ kò kúrò lójú kan. Àríyànjiyàn yẹn ló ń fa òòyì, ó sì máa ń mú awakọ̀ tó ti fò fún ọ̀pọ̀ ọdún náà. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń dínkù bí wọ́n bá ń dé awò náà fún ìgbà díẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n sì ń sinmi láàárín. Ẹ ní kí wọ́n tún awò náà ṣe kí àlàfo àárín gíláàsì rẹ̀ méjèèjì bá àlàfo àárín ojú yín mu, nítorí ẹlòmíràn ló lè ti lò ó gbẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n tan fáànù sí yín lára. Nígbà tí òógùn tútù bá kọ́kọ́ bò yín, ẹ ṣí i kúrò lójú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fi agídí fara dà á, nítorí ara tí wọ́n bá fi ipá mú máa ń rántí. Ẹ má sì wọ mọ́tò kí ẹ wà á gba Third Mainland Bridge lọ sílé láìjẹ́ pé orí yín ti balẹ̀ pátápátá.

*Ibi tí wọ́n ti ń wa epo lórí òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, hẹlikópítà ló ń gbé wa lọ, òun ló ń gbé wa bọ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n máa ń dá wa padà sí ẹ̀kọ́ HUET, níbi tí wọ́n ti ń rì wá sínú omi nínú àgọ́ tí wọ́n ṣe bí inú bàálù, tí wọ́n á sì dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ dé góńgó. Ní báyìí tí VR ti dé, ṣé kò yẹ kí wọ́n fi rọ́pò omi náà?*
— Òṣìṣẹ́ epo kan, Àpápá

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé ìdáhùn náà kò dùn mọ́ yín.

Bí hẹlikópítà bá bọ́ sínú omi, òkè rẹ̀ ló wúwo jù: ẹ́ńjìnnì, jíà àti abẹ̀bẹ̀, orí ni gbogbo wọn wà, ìdí sì nìyẹn tó fi máa ń dojú dé. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ á dorí kodò, omi á wọ imú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún á di òsì lọ́kàn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín nínú omi ni pé kí ẹ ti fi ọwọ́ kan di ẹ̀bá fèrèsé mú kí bàálù tó kan omi, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀. Kí ẹ dúró títí yíyí náà yóò fi dáwọ́ dúró. Kí ẹ fi ọwọ́ ti gíláàsì fèrèsé náà síta. Kí ẹ tó wá tú bẹ́líìtì. Èyí tó le jù nínú rẹ̀ ni ti láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ kò gbọ́dọ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i àfi tí ẹ bá ti bọ́ síta. Bí ó bá wú nínú bàálù, yóò gbé yín lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bàálù tó ti di òrùlé, ẹ kò sì ní lè wẹ̀ sísàlẹ̀ dé ojú fèrèsé, bó ti wù kí ẹ mọ omi wẹ̀ tó. Ojú lè ka gbogbo èyí nínú awò kí ó sì yé e, ṣùgbọ́n èémí ni yóò pinnu ọ̀rọ̀ náà, èémí kò sì lè kọ́ bí a ṣe ń dúró nínú omi láìjẹ́ pé omi wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2015, hẹlikópítà kan tó ń ti ibi ìwakùsà epo bọ̀ wá sí Èkó já sínú ọ̀sà ní Òwòróǹṣòkí. Èèyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà kú, mẹ́fà yè.

Ibi tí mo ti gbà pé VR lè ràn yín lọ́wọ́ ni àárín ọdún mẹ́rin náà. Ọdún mẹ́rin jìn púpọ̀ fún ohun tí èèyàn ní láti ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ohun tí a kọ́ sì máa ń ṣá lára. Bí iléeṣẹ́ bá ní awò kan níbi tí ẹ ti ń dúró de bàálù, tí ẹ sì fi wo inú irú bàálù tí ẹ fẹ́ wọ̀ gan-an, ibi tí ọwọ́ fèrèsé rẹ̀ wà, bí wọ́n ṣe ń ṣí i àti bí ó ṣe rí nígbà tó bá dojú dé, ẹ̀rù tí ẹ fi ń wọ inú omi HUET á dínkù. Ìyẹn ni kí ẹ bèèrè fún.

*Ọkọ̀ ojú omi ni mo ń wà láti Òwòróǹṣòkí. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀sà, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ibẹ̀ tó àwa ọlọ́kọ̀ àti apẹja. Bí hẹlikópítà bá wá bá wa níbẹ̀, kí ni ká ṣe, kí ni ká má ṣe? Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ rántí wa nínú ẹ̀kọ́ tí ẹ ń sọ yìí?*
— Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan, Òwòróǹṣòkí

Ẹ kú ewu omi o, bàbá wa. Mo fẹ́ kí gbogbo ọlọ́kọ̀ ka èyí, kí ẹni tó bá lè kà á kà á sétí ẹni tí kò lè kà á.

Ẹ má fi ọwọ́ gba ìwọ̀ tó bá ń ti òkè bọ̀. Bí abẹ̀bẹ̀ ṣe ń yí nínú afẹ́fẹ́ ni ara bàálù ń kó iná mànàmáná jọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìwọ̀ sì ni iná náà yóò gba ara rẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ kan omi tàbí ara ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó dì í mú. Ẹ má so okùn náà mọ́ ọkọ̀ yín láéláé, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ẹ ti so bàálù mọ́lẹ̀ nìyẹn. Kí ó tó dé rárá, ẹ kó táńpólì, àwọ̀n, bééṣìn àti pákó tó bá wà lójú ọkọ̀ sábẹ́ nǹkan tàbí kí ẹ dì wọ́n mọ́lẹ̀. Atẹ́gùn tí hẹlikópítà ń fẹ́ sísàlẹ̀ lè gbé wọn sókè, bí táńpólì kan bá sì wọ inú abẹ̀bẹ̀, gbogbo yín lẹ wà nínú ewu. Ẹ má na ọ̀pá tàbí agboòrùn sókè. Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sójú awakọ̀. Ẹni tó wà nínú omi ni kí ẹ tan iná sí. Bí adóòlà bá ti sọ̀ kalẹ̀, tirẹ̀ ni kí ẹ máa gbọ́.

Ìbéèrè yín kejì ló dùn mí, nítorí òtítọ́ ni pé wọn kì í sábà rántí yín. Òkè oníyìnyín àti òkun títutù ló pọ̀ nínú ohun tí àwọn iléeṣẹ́ òkèèrè ń yà sínú awò, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fi wọ́n kọ́ṣẹ́ tán, tó wá dé orí Mákòókò, yóò bá ohun tí kò rí rí: ilé orí òpó tó fẹnu ko ẹnu, tí páànù òrùlé wọn lè ṣí bí bàálù bá sọ̀ kalẹ̀ jù, àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tí àánú yóò mú kí wọ́n rọ́ wá sí ojú kan náà gan-an tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀. Ewéko tó máa ń bo ọ̀sà ńkọ́, tí kì í jẹ́ kí a tètè rí orí ẹni tó wà nínú omi láti òkè? Ọyẹ́ tó máa ń bo Third Mainland Bridge mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀ ńkọ́? Gbogbo ìwọ̀nyí ló yẹ kí òṣìṣẹ́ Èkó kọ́kọ́ bá pàdé nínú awò, kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ti ṣí páànù inú awò kí ó má baà ṣí páànù ilé ẹnìkan lọ́la. Kò sì sí ẹni tó lè sọ fún ayàwòrán bí ọkọ̀ ṣe ń rọ́ wá bí kò ṣe ẹ̀yin tí ẹ ń wà á. Àjọ LASEMA, tó ń bójú tó pàjáwìrì ní Èkó, àti NIMASA, tó ń bójú tó ààbò orí omi Nàìjíríà, ló yẹ kí wọ́n pè yín wọnú yàrá náà, pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tó gbọ́ Ègùn. Nígbà tí wọ́n ṣí ètò Deep Blue ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021, hẹlikópítà mẹ́ta wà lára ohun tí ìjọba kó kalẹ̀ fún NIMASA. Nítorí ààbò orí omi ni wọ́n ṣe rà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí bàálù bá wà lórí omi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n á ké sí i pé kí ó wá gbé èèyàn.

*Àwa mẹ́rin la jọ ń ṣe géèmù ní Yábàá. A kà nípa VR nínú ìwé ìròyìn yín, ó sì wù wá pé kí a ṣe irú rẹ̀ tó jẹ́ ti Èkó. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?*
— Ọmọbìnrin kan, Yábàá

Inú mi dùn sí lẹ́tà yín gan-an, lẹ́yìn ti bàbá ọlọ́kọ̀ yìí pàápàá. Ẹ lè ṣe é. Ẹ má ṣáà bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹwà àwòrán.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí okùn. Okùn tó bá gùn ní mítà 30, tí nǹkan sì rọ̀ sí ẹnu rẹ̀, máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 11 láti jù lọ kí ó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ku mítà 10, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Ẹni ẹnu ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ mọ ìlù yìí lára, kí ó mọ ìgbà tí yóò fi ọwọ́ ti okùn lòdì sí ibi tó ń lọ. Nǹkan mìíràn tún wà: bí ó bá ń fà á sókè nígbà tó ṣì ń jù, jíjù náà yóò máa pọ̀ sí i bí okùn ṣe ń kúrú. Bí okùn tí ẹ ṣe kò bá hùwà báyìí, ẹ má fi kọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí ọwọ́ tó bá ti kọ́ ìlù tí kò tọ̀nà yóò gbé e lọ sórí bàálù gidi. Ẹ fi okùn yín wé ìṣirò, kí ẹ sì tún mú un lọ síwájú ẹni tó ti di okùn gidi mú.

Lẹ́yìn okùn, ohùn ló kàn. Ẹ ṣe é kí awò méjì lè jọ wọ inú bàálù kan náà, ọ̀kan fún awakọ̀, ọ̀kan fún ẹni ẹnu ilẹ̀kùn, kí ohùn sì máa lọ láàárín wọn láìsí ìdádúró. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ hẹlikópítà ní Ìkẹjà, ẹ gba àṣẹ, kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀, bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú ariwo tó wà nídìí rẹ̀. Ohùn yẹn ni yóò sọ fún yín irú àwòrán tí ẹ nílò.

Ní ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹ gbìyànjú kí àwòrán tó ń wọlé sójú tó 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ó má sì ju ìdá kan nínú ìdá 50 ìṣẹ́jú àáyá lọ láti ìgbà tí orí bá yí sí ìgbà tí àwòrán yóò yí. Tí ó bá lọ́ra ju ìyẹn lọ, irú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí nọ́ọ̀sì wa ti Sùúrùlérè ni ẹ máa fi ṣe àwọn èèyàn. Ẹ ra UPS tó dára, nítorí bí iná bá lọ nígbà tí èèyàn dé awò, tí ó gbà pé òun wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bàálù, ó lè ṣubú.

Ẹ má ṣe polówó rẹ̀ pé wákàtí tí òṣìṣẹ́ bá lò nínú rẹ̀ lè wọ inú ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Àjọ NCAA, tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, nìkan ló lè fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ìwádìí wọn sì máa ń jinlẹ̀. Iléeṣẹ́ Caverton ti gbé simulator ńlá ti hẹlikópítà AW139 wá sí Ìkẹjà. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè jẹ́ kí ẹ wá wò ó, kí ẹ lè rí bí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí ṣe máa ń rí. Tiyín lè kọ́kọ́ jẹ́ ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń dán ara rẹ̀ wò ní àárọ̀ kí ó tó lọ sídìí bàálù. Ẹ ya ọ̀sà láti Òwòróǹṣòkí dé Mákòókò, ẹ fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n mẹ́ta sí i àti ẹnìkan tó ń gbé ọwọ́ sókè nínú omi, kí ẹ sì lọ gbé e síwájú àwọn ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó gbé e síwájú ìjọba. Àwọn ni yóò sọ fún yín ibi tí omi yín kò ti jọ omi.